Níbi Tí Ọba Ti Ń Dirun

Ní gáréèjì Akúrẹ́ ni awakọ̀ wa ti kìlọ̀ fún wa. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni òun fúnra rẹ̀, ó sì ti rí i pé àwọn mélòó kan nínú wa kì í ṣe ará ibẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ dé fìlà lẹ́yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, tá a bá ti kọjá Ùsó, kẹ́ ẹ bá mi ṣí i. Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ tú gèlè. Ọdún Ìgogo la wà." Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀ fèsì pé òun ò ní dúró dìgbà tí a bá dé Ùsó. Ó tú gèlè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ká a, ó fi bo tòmátì. Bàbá tó jókòó tì mí ń kùn pé ọkọ̀ kò tí ì gbéra, kí ló ń kán wọn lójú? Síbẹ̀, kí a tó kọjá Ọ̀bà-Ilé, fìlà rẹ̀ ti wọ àpò.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni ilé tí mo máa sùn wà. Tí a bá ti pe Ìjẹ̀bú, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn á lọ sí Òde, á lọ sí gààrí tó kan dáadáa. Ìjẹ̀bú tèmi yìí kò sí nítòsí ibẹ̀ rárá. Ìlú kan ni tó fara ti Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ní ọba tirẹ̀, Ọjọmọ Olúdà, ṣùgbọ́n ilé ti so wọ́n pọ̀ débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan ti tán tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, àfi tí onílé bá fi hàn án. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà mí sílé níbẹ̀. Ohun tó gbé mi jáde kúrò ní Ìbàdàn gan-an wà nínú Ọ̀wọ̀: Igbó Lájà, ibi tí wọ́n sọ pé Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba tó jẹ́ òrìṣà, tí wọ́n ń fi ọdún Ìgogo rántí, wọ̀ sí, tí kò sì padà wálé mọ́.

Àwa Yorùbá mọ ìrìnàjò sí ibi mímọ́ dáadáa. Ẹni tó lọ Mẹ́kà dé di Àlàájì, ìyàwó rẹ̀ di Àlàájà. Ẹni tó lọ Jerúsálẹ́mù dé yóò fi JP sí ẹ̀yìn orúkọ, yóò sì rí i dájú pé ẹni tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó kò gbàgbé rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rò ó pé àwọn ibi mímọ́ wà nílé níbí tí a kì í kà mọ́ irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé wọn kò gba físà. Ọ̀ṣun Òṣogbo ló bọ́ lọ́wọ́ èyí: UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àwọn ọmọ Yorùbá òkèèrè sì ń ti Brazil àti Amẹ́ríkà wá síbẹ̀ lóṣù kẹjọ. Igbó Lájà kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ níta. Ẹni tó lọ síbẹ̀ tó bọ̀, a kò ní oyè kankan tí a fi ń dá a lọ́lá.

Ọ̀nà Akúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kò jìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Ọgbẹ́sẹ̀ bá wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi wákàtí búra sí i. Ọjà oúnjẹ ni Ọgbẹ́sẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó àgbàdo àti iṣu ti gba ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, àwọn tó ń tajà sì gba àárín. A dúró síbẹ̀ títí ìyá onítòmátì fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ojú fèrèsé, tó ná an, tó kọ̀ ọ́, tó tún rà á. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni oko kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wa, òjò oṣù kẹsàn-án sì ń rọ̀ sórí ewé wọn wẹ́wẹ́wẹ́.

Àwọn agbófinró dá wa dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí ẹni tó ráhùn nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì, àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wálúwà nínú Ọ̀wọ̀, wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn tó tó 40, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí kò dé Ọ̀wọ̀ rí, ìròyìn ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ orúkọ ìlú náà. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tan iná wo abẹ́ ìjókòó wa, ìyá onítòmátì ló sọ fún un pé kó wò ó dáadáa, kó má kánjú.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, fọ́tò ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ sì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn nínú gèlè aláwọ̀ kan náà. Òun fúnra rẹ̀ kò wé nǹkan kan sórí, irun funfun rẹ̀ hàn gbangba. Mo kí i tán, mo jẹun tán, kí n tó bi í léèrè Ọ̀rọ̀nsẹ̀n. Ó rẹ́rìn-ín. "O ò rí nǹkan. Ilá gan-an ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀."

Ó sì sọ ọ́. Láyé Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n, tí Ọ̀wọ̀ ń kà sí ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, ọba fẹ́ obìnrin kan tó rẹwà tí ọlà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Òrìṣà ni obìnrin náà. Ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níbi tó bá wà, ẹni tó ti oko dé kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ gbì níwájú rẹ̀. Ọba gbà, ó sì pa á láṣẹ fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ọba ní sí i pọ̀ lójú àwọn orogún rẹ̀. Ọjọ́ kan tí ọba kò sí nílé, wọ́n lọ ilá, wọ́n da omi, wọ́n ju igi. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n dìde, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ààfin lé e bá nínú igbó níbi tó ti ń sinmi, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n fẹ́ fi agbára mú un, ọ̀já rẹ̀ ló kù sí wọn lọ́wọ́. Ó ní òun kò ní padà, ṣùgbọ́n tí ìlú bá ń fi igba igba nǹkan bọ òun lọ́dọọdún, òun yóò máa ṣọ́ wọn.

"Àwọn kan ní ó di òkúta," Ìyá ní, "àwọn kan ní ńṣe ló wọlẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀." Ó padà sídìí ilá rẹ̀. Mo bi í bóyá nítorí Ìgogo ni kò ṣe lọ̀ ọ́. "Rárá o. Blẹ́ńdà ló bàjẹ́."

Ohun tó mú mi lọ́kàn nínú ìtàn yẹn ni bí àwọn èèwọ̀ náà ṣe kéré tó. Obìnrin náà kò béèrè fún wúrà, kò ní kí wọ́n jagun fún òun. Ariwo, omi ẹlẹ́rẹ̀ àti yíyọ̀ ilá ni kò fẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé nínú agbo ilé olórogún mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ló máa ń tú ilé, kì í ṣe ogun. Ìlú kan wá jókòó, ó gbà pé ilé òun ṣẹ̀, ó sì ti ń san án láti ọdún gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ìtàn ìlú tí mo mọ̀, àwọn aládùúgbò ló máa ń ṣẹ̀ nínú wọn.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Tíṣà, aládùúgbò Ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mú mi lọ sí ààfin. Orí rẹ̀ pá, ó sì ń dán nínú oòrùn. Ó ní oṣù tí Ìgogo bá bọ́ sí nìkan ni gbogbo ayé máa ń mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí fìlà kì í kúrò lórí òun ní oṣù yòókù.

Ààfin Ọlọ́wọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú kan wò tán. Ọ̀dọ̀ Òjúgbẹ̀lú, tí wọ́n kà sí ọmọ Odùduwà, ni wọ́n ní ìran àwọn ọba ibẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Láyé àtijọ́, àgbàlá inú ààfin náà, tí wọ́n ń pè ní ùghà níbẹ̀, lé ní 100. Kò sí ààfin Yorùbá mìíràn tí òkìkí títóbi rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù àgbàlá ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti òrìṣà tirẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti àpáàdì ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ wọn, ère ọba lórí ẹṣin ni wọ́n sì gbẹ́ sára àwọn òpó tó gbé òrùlé ró. Ẹ̀yà díẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn ló kù. Bàbá Tíṣà na ọ̀pá rẹ̀ sí ìhín, ó na án sí ọ̀hún, ó ń pe orúkọ àgbàlá tí kò sí mọ́ bí ẹni ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì.

Ọ̀wọ̀ wà láàárín Ifẹ̀ àti Bìní, èyí sì hàn lára gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Àwọn agbẹ́yín-erin Ọ̀wọ̀ ti wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ jù nílẹ̀ Adúláwọ̀: ife onídèérí, ẹ̀gbà ọwọ́, idà oyè tí wọ́n ń pè ní udamalore. Díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Iyùn tí ọba ń lò àti bí àwọn ìjòyè ṣe ń ró aṣọ rán ènìyàn létí Bìní. Ojú àwọn ère amọ̀ ìgbàanì wọn sì rán ènìyàn létí Ifẹ̀. Tí ẹnì kan bá fẹ́ bá ọmọ Ọ̀wọ̀ jà, kó sọ fún un pé ọ̀kan nínú méjèèjì ló kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀. Bàbá Tíṣà dá mi lóhùn kí n tó béèrè: "Ẹni tó wà láàárín ọjà méjì, ṣé kò ní ra nǹkan ni? Kó sì tà!"

Nínú ọgbà ààfin yìí ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀ wà. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí àwọn ohun àtijọ́ tó ti wà ní ààfin lè ríbi dúró sí. Ó kéré, ó sì yẹ kí ẹni tó bá dé Ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Igbó Lájà fi lókìkí jù lọ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, Èkó ni ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa ti máa ń wá a.

Láàárín 1969 sí 1971 ni Ekpo Eyo wa ilẹ̀ Igbó Lájà. Awalẹ̀pìtàn ni, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tó bá nínú ilẹ̀ náà ya ayé lẹ́nu: ère amọ̀ sísun lóríṣiríṣi, orí ènìyàn tí ojú wọn tòrò bí ojú àwọn ère Ifẹ̀, ọwọ́ tó di nǹkan ẹbọ mú, àmọ̀tẹ́kùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àyẹ̀wò èédú tó bá wọn jáde tọ́ka sí. Ní 1980, wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn dání pẹ̀lú àwọn ère Nok, Ifẹ̀, Igbó-Ukwu àti Bìní lọ sí Detroit ní Amẹ́ríkà, láti ibẹ̀ sì ni ìpàtẹ náà ti gba ìlú ńláńlá kọjá. Àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láìdárúkọ Ọ̀wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí lórí èyí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ìwalẹ̀pìtàn ti "fìdí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n múlẹ̀." Kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ère kankan tó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún Eyo. Ohun tó hàn ni pé nígbà tí wọ́n wa ibi tí ìtàn ẹnu tọ́ka sí, wọ́n rí àwòrán ẹbọ níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n kò sì jìnnà sí ìgbà tí Ọ̀wọ̀ ń kà fún Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n. Àwọn ìyá ìyá wa tí kò kàwé tọ́jú ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rúndún mẹ́fà, ilẹ̀ kò sì já wọn nírọ́. Ìyẹn tó bí mo ṣe ń wò ó.

Bàbá Tíṣà mú mi dé etí igbó náà. A kò wọ inú rẹ̀. Ó ní àwọn tó ni ín ló ń wọ̀ ọ́, ó sì ní ìgbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́. Àlejò á dúró níta, á wo igi, á sì padà. Mo wo igi. Ọ̀pọ̀ wọn ga, okùn igbó lọ́ mọ́ wọn lára, òjò àná sì ṣì ń kán láti ara wọn. Mo gbọ́ ohùn ọ̀kadà láti ojú títì. Mo béèrè bóyá mo lè ya fọ́tò. Bàbá wò mí títí, ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" N kò rí èsì gidi fún un, mo dá fóònù padà sápò.

Ibẹ̀ ni Lumbini ti wá sí mi lọ́kàn, ibi kan tí mo ti ka ìtàn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní orílẹ̀-èdè Nepal ni Lumbini wà, ó sì wà lára àwọn ibi mẹ́rin tí àwọn ẹlẹ́sìn Buddha kà sí mímọ́ jù lọ láyé. Ayaba kan ló sọ ọ́ di mímọ́. Maya Devi ni orúkọ rẹ̀. Ó ń lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, nígbà tí ìrọbí mú un lójú ọ̀nà nínú ọgbà igi kan. Ó di ẹ̀ka igi mú, ó sì bí Siddhartha Gautama tí ayé wá mọ̀ sí Buddha. Ayaba kan tó kúrò láàfin, tó dúró nínú igbó, tí igbó náà kò sì jẹ́ igbó lásán mọ́ láti ìgbà yẹn: ẹ gbọ́ bí ó ṣe jọ. Ọ̀kan ń lọ bímọ, èkejì ń sá fún àwọn orogún, ṣùgbọ́n lórí ìrìn ni àwọn méjèèjì wà.

Ọba kan wà nínú ìtàn Lumbini pẹ̀lú. Ashoka, tó jọba lórí èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Íńdíà, wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 249 ṣáájú ìbí Kristi. Ó júbà, ó ri òpó òkúta mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ibí yìí ni wọ́n ti bí Buddha, àti pé òun ti dín owó orí àwọn ará abúlé náà kù. (Ìjọba wa, ẹ gbọ́ o.) Kí ó tó di arìnrìnàjò bẹ́ẹ̀, Ashoka yìí kan náà ti jagun Kalinga, ogun tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì jẹ́wọ́ lára àpáta pé ìpànìyàn náà dun òun. Òpó Lumbini sọnù sínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1896 ni wọ́n tó tún rí i. UNESCO kọ ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1997. Láàárín 2011 sí 2013, Robin Coningham àti Kosh Prasad Acharya kó àwọn awalẹ̀pìtàn lọ síbẹ̀, wọ́n wa inú tẹ́ńpìlì Maya Devi gan-an nígbà tí àwọn olùjọ́sìn ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lábẹ́ gbogbo bíríkì àwọn ọba, wọ́n bá ojú ihò òpó igi tó yí àyè kan ká, gbòǹgbò igi sì ti wà láàárín àyè náà rí. Igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń bọ níbẹ̀, nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Kristi. Tẹ́ńpìlì ló tẹ̀lé e.

Ní Igbó Lájà, igi ṣì ni. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Tíṣà bí a ṣe ń padà bọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí dé orí Ashoka. Mo wá sọ èrò mi fún un, pé ọba Ọ̀wọ̀ náà dà bí ẹni tó ń ronú pìwà dà, pé ilé ọba ló ṣẹ obìnrin náà, ọba ló sì ń gbé ẹ̀bẹ̀ lọ lọ́dọọdún nígbà Ìgogo, nínú aṣọ obìnrin. Bàbá mi orí. "Ìrònúpìwàdà kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kí. Ṣé ẹni tó bá lọ kí ìyàwó rẹ̀ ń ronú pìwà dà ni?" Títí di òní, n kò tí ì pinnu ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà nínú àwa méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni Ìgogo máa ń gbà. Àwọn ìjòyè Ìlọ́rọ̀ ló ń ṣí i pẹ̀lú ètò Ùpèlì, èyí tó ń gba ọjọ́ méjìlá nínú rẹ̀. Ìsúre iṣu tuntun wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí ìlù, kò sí ìbọn yínyìn, kò sí fìlà, kò sí gèlè. Agogo irin ni wọ́n ń lù. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ìlú Yorùbá ṣe ń dún ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú gáńgan níhìn-ín àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́hùn-ún, á mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọwọ́ ni Ìyá fi ń pa àtẹ́wọ́ sí orin àdúrà rẹ̀ lówùúrọ̀, ó sì ní Ọlọ́run ń gbọ́.

Lọ́jọ́ tí Ọlọ́wọ̀ jáde, a ti ta gìrì kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kí oòrùn tó mú, a sì tún bá èrò tó ti ṣáájú wa. Orí tí a kò bò ló gba gbogbo ojúde ààfin: orí àwọn àgbà, orí tí wọ́n fá, irun dídì, irun tí ẹnikẹ́ni kò yà láti àná. N kò tíì rí àwọn olówó àti tálákà tó jọra tó bẹ́ẹ̀ rí níbi ayẹyẹ. Fìlà àti gèlè ló ń sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ẹni báyìí ni lágbájá. Kò sí wọn, a sì ń wo ojú ara wa.

Agogo ló kọ́kọ́ dé, ko-ko, ko-ko, kò yára, kò sì dákẹ́. Àwọn ìjòyè tẹ̀lé e, àgbà ọkùnrin tí irun wọn di dídì bíi ti wúńdíá tó ń lọ ilé ọkọ, iyùn lọ́rùn, iyùn lọ́wọ́, aṣọ tó fẹ̀ yí wọn nídìí ká. Wọ́n ń jó. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún dájúdájú, ẹsẹ̀ wọn sì mọ ibi tí agogo ń lọ kó tó débẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Ọba Ajíbádé Gbádégẹṣin Ògúnoyè Kẹta, tó gorí ìtẹ́ ní 2019, jáde. Ẹ̀wù iyùn ló wọ̀, iyùn bò ó láyà títí dé ìdí, irun rẹ̀ di dídì. Ọba lọ́kùnrin, nínú ọ̀ṣọ́ ayaba. Igbe "Kábíyèsí" ta. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín papọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn oníwàásù kan kì í fẹ́ràn ayẹyẹ yìí. Mo ti gbọ́ ọ pé ìbọ̀rìṣà ni, pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ múra bí obìnrin. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró lójúde Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n wá sọ fún mi ẹni tó ń fi ọba náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí. Nílẹ̀ tí a ti ń dúnbú ọmọkùnrin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé "o ń ṣe bí obìnrin," ọba ìlú kan ń fi irun dídì jó níwájú gbogbo ayé nítorí obìnrin kan tí wọ́n kò bọ̀wọ̀ fún nínú ilé ọba. Ìyá ìjọ Áńgílíkà tó mú mi dé ibẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọba ṣe ń kọjá. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá pásítọ̀ rẹ̀ kò ní bínú. Ó ní ọba òun ni òun kí, pé pásítọ̀ náà ní ọba nílùú tirẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ, àwọn tó ń darí àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè ni mo sì ń bá sọ ọ́, pẹ̀lú ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn èrò tó kún ojúde ààfin lọ́jọ́ yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò fojú kan ère tí Eyo hú nínú igbó wọn rí. Detroit ti rí wọn. Èkó ń tọ́jú wọn. N kò sọ pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí mo mọ̀ pé ilé tí yóò gbà wọ́n nílò àtúnṣe, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó múná dóko àti ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú. Ẹ tún ilé tó ti wà nínú ọgbà ààfin láti 1968 ṣe. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, ẹ yá Ọ̀wọ̀ ní díẹ̀ nínú àwọn ère Igbó Lájà fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí Ìgogo ń gbà, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, Ìpèlé, Ẹ̀mùrẹ́-Ilé àti Ìfọ́n lè tò wọlé láti wò wọ́n. Ẹ fi orí kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rù bá ń bà yín.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí ẹ bá ráyè lóṣù kẹsàn-án, ẹ lọ. Ẹ fi fìlà sílé, ẹ má lu nǹkan kan, ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, tí wọ́n bá sì ní kí ẹ dúró sí etí igbó, ẹ dúró síbẹ̀.